Ọ̀bẹ Tí Kì Í Jẹ Àdín

Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkìrun lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ti pa á, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ oko lápá Èkó-Èndé, òun sì ń wá ọ̀bẹ tí òun á máa mú lọ síbẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà. Mo kó àwọn ọ̀bẹ tí mo ní sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò wo ọ̀kankan. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀bẹ kan tí mo fi kọ́ ògiri lẹ́yìn àga mi, tó ń dán gbinrin.

"Ẹ̀yin ìyá, tọ̀hún yẹn ńkọ́?"

"Kì í ṣe títà."

"Ẹ ṣáà sọ iye tí ẹ fẹ́ gbà."

Mo bi í bóyá etí rẹ̀ dí. Ó gbé agboòrùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí mo ṣe máa ń lé oníbàárà nìyẹn, àwọn tó mọ̀ mí lọ́jà ò sì ní bá mi jiyàn, pàápàá nígbà òjò. Inú mi kì í dùn nígbà òjò.

Ọ̀bẹ bàbá mi ni. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báyìí. Láàárọ̀, mo máa ń gbé ọ̀bẹ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, bó bá di ìrọ̀lẹ́ mo máa ń gbé e padà lọ bá wọn nílé. Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún wọn lójúmọmọ, wọ́n á gbé e, wọ́n á dìde, wọ́n á ní àwọn ń lọ sóko, oko náà sì jìnnà sí Ìkìrun.

Ìṣó ni mò ń tà, pẹ̀lú páànù ìbolé, kọ́kọ́rọ́, páìpù omi, àdá àti ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ń ta irin ní ilẹ̀ wa yìí, ọ̀tá kan ṣoṣo ló ní. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe oníbàárà tó ń nájà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọ̀rinrin ni. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, títí ọyẹ́ yóò fi fẹ́, gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ irin ni yóò máa làágùn lórí àtẹ. Èèyàn lè bo ìṣó, ó lè fi ọ̀rá wé e ní ìlọ́po-ìlọ́po, bó bá ṣí i wò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyẹ̀fun pupa ló máa bá nísàlẹ̀ ọ̀rá. Mo ti ń bá a jà láti ìgbà tí mo ti ń tajà, mi ò tíì borí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìpẹtà dé ara ọ̀bẹ bàbá mi, mo rò pé ìjà tèmi ni.

Inísà ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, wọ́n ní obì àti kòkó díẹ̀ lọ́nà Òkúkù, wọ́n sì ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu sí àárín wọn. Nínú ilé wa, irin ló ń kọ́kọ́ jẹun. Bí bàbá mi bá ti oko dé, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yọ ọ̀bẹ oko wọn nínú àkọ̀, wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á nù ún gbẹ. Ìyá mi á wá bu àdín sínú ọmọrí agolo kan, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá mi láìsọ̀rọ̀. Bàbá á ki àkísà bọ àdín, wọ́n á fi pa ọ̀bẹ náà láti èkù dé ṣóńṣó, wọ́n á yí i padà, wọ́n á tún pa ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe tán ni ìyá mi á tó gbé àdín kúrò, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá. Ebi ìbáà máa pa bàbá mi kú lọ, wọn ò ní bu òkèlè kí ọ̀bẹ tó jẹ àdín.

Ebi máa ń pa èmi náà, torí a kì í jẹun ṣáájú wọn. Èmi ni mo máa ń kùn.

"Bàbá, ṣé ọ̀bẹ ní ikùn ni?"

"Ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ jẹun," wọ́n á ní. "Ìwọ, kí lo ṣe láti àárọ̀?"

Àwọn kan nínú ìjọ wa máa ń yọ wọ́n lẹ́nu pé Ògún ni wọ́n ń bọ lábẹ́lẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni bàbá mi, àwọn ló ń gbé àpò ọrẹ káàkiri lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí oníkálukú lọ yọ ọ̀bẹ tirẹ̀ wá kí a jọ wò ó. Kò sẹ́ni tó jẹ́ yọ ọ̀bẹ. Nígbà tí mo dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tajà, bàbá mi sọ mí ní oníṣòó. Wọ́n ní, "Ẹnu oníṣòó yìí mú ju ọjà tó ń tà lọ." Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju orúkọ tí wọ́n fún mi ní ìsọmọlórúkọ lọ.

Ìyá mi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Àìsàn náà ò pẹ́, kò sì jẹ́ kí a múra. A sin wọ́n sí Inísà, àlejò jẹ, àlejò mu, wọ́n túká. Àbúrò mi ọkùnrin padà sí Èkó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi padà sí Ìkìrun. Bàbá ní àwọn ò lọ ibì kankan, àwọn ní oko. Ìyá kan tó ń ta ògì níwájú ilé wa gbà láti máa se oúnjẹ fún wọn, á gbé e wọlé fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Èmi á sì máa wá lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni mo fa ọ̀bẹ náà yọ kí n fi bó ọsàn. Ìpẹtà ti gba ẹ̀gbẹ́ èkù rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú ọ̀bẹ lọ síwájú. Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí ìpẹtà lára ọ̀bẹ bàbá mi rí, kódà nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí aṣọ ò gbẹ lórí okùn. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó pẹ́.

"Irin náà ti gbó ni," wọ́n ní. "Irin a máa gbó."

Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́.

Àbúrò mi ò gbà. Ó wálé lẹ́yìn ìyẹn, òun náà rí ọ̀bẹ, ó sì rí i pé bàbá ti rù. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò lè tọ́jú ọ̀bẹ mọ́, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú ara rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n máa mú wọn lọ sí Èkó."

Bàbá gbọ́. Etí wọn ò dí rí. "Kí n lọ jókòó sínú yàrá, kí n máa wo ògiri? Ẹ kúkú sin mí ti ìyá yín."

Inú bí mi sí àbúrò mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ ilé tó ń gbé ní Èkó. Kò sí ewéko kan níbẹ̀ àfi èyí tó ń hù lẹ́bàá gọ́tà. Mo mọ̀ pé bí bàbá mi bá dé ibẹ̀, wọn ò ní pẹ́ tẹ̀ lé ìyá mi. Mo ní kì í ṣe Bàbá ni kò dára, irin ni. Mo ní èmi ni mò ń ta irin nínú ilé yìí, kó má kọ́ mi níṣẹ́ mi. A fà á títí, ó ní ó dáa, òun fún mi ní àkókò òjò yìí. Bí òjò bá fi tán tí ọ̀bẹ Bàbá ò dípẹtà, kí wọ́n dúró sí Inísà. Bó bá dípẹtà, òun ń bọ̀ wá kó ẹrù wọn. Bàbá tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ná ewúrẹ́ níwájú ewúrẹ́.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá irin.

Ọ̀bẹ àkọ́kọ́, ọjà Inísà ni mo ti rà á. Ó ń dán, ẹni tó tà á fún mi búra pé ìpẹtà ò mọ ilé rẹ̀. Èmi tí mò ń ta irú ẹ̀ yẹ kí n mọ̀ pé awọ dídán ni wọ́n fi bò ó. Awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó níbi tí bàbá mi ti fi gé ẹ̀gẹ́, ìpẹtà sì ti tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e padà lọ bá onítọ̀hún, mo bú u débi pé àwọn tó wá rajà gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà. Kò tu irun kankan lára ìpẹtà.

Nítorí náà mo gba Òkúkù lọ, sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ kan tí bàbá mi mọ̀. Ilé àgbẹ̀dẹ náà ò ní ògiri, òrùlé páànù nìkan ni, iná èédú ń jó láàárín. Mo ní mo fẹ́ ọ̀bẹ oko tó mú, tó ṣeé pọ́n lórí òkúta lásán, tí kì í sì í dípẹtà. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Wọn ò tíì rọ irú irin yẹn," wọ́n ní. "Irin tó gba pípọ́n, tó lè fá irun, omi ò gbọdọ̀ sùn lára rẹ̀. Irin tí omi lè sùn lára rẹ̀ tí kò ní dípẹtà, orí ló ń le sí ẹni tó bá fẹ́ pọ́n ọn. Bó bá kú lóko, igi lásán lo mú dání. Èwo ni bàbá rẹ fẹ́?"

Mo ní èyí tó mú. Mo mọ ọwọ́ bàbá mi. Wọn ò lè fara da ọ̀bẹ tó ń họ nǹkan kó tó gé e.

Wọ́n fa irin kan jáde nínú àkójọ tó wà lẹ́yìn wọn, irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sípíríìn. Wọ́n ní irin tó ti gbé ẹrù láti ibí dé Kánò láìṣẹ́, kò sí ohun tó máa rí lóko tó máa bà á lẹ́rù. Wọ́n ki í bọ iná títí ó fi pọ́n, wọ́n lù ú, wọ́n tún ki í bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n rì í sómi, ó pariwo, èéfín gba ojú mi. Wọ́n fi igi obì ṣe èkù rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n ní, "Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kí bàbá rẹ máa bá a nu ara o."

Ọjọ́ tí mo gbé ọ̀bẹ yẹn fún bàbá mi wà lára ọjọ́ díẹ̀ tí mo rí eyín wọn lẹ́yìn ikú ìyá mi. Wọ́n fi ọmọ ìka wo ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Oníṣòó, o ṣe é." Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sóko. A rìn lábẹ́ obì, ilẹ̀ rọ̀, ẹ̀fọn ń jẹ mí, mò ń ráhùn. Wọ́n ń gé ẹ̀ka gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí àgétúngé. Wọ́n mọ igi kọ̀ọ̀kan àti ọdún tí wọ́n gbìn ín. Mo rò nínú ara mi pé ẹni tó mọ igi rẹ̀ báyìí, kò sí ohun tó ṣe é.

Kò pẹ́ rárá tí mo tún fa ọ̀bẹ náà yọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ó ti pọ́n bí erùpẹ̀ ọ̀nà. Mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo fi eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí, torí mi ò fẹ́ kí àbúrò mi dé bá a. Mo ní àkọ̀ awọ ni, awọ ló ń fa omi mu. Mo gé páìpù omi ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi iná yọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo fi ṣe àkọ̀ tí omi ò lè wọ̀. Ìpẹtà wọ̀ ọ́. Ni mo bá ní afẹ́fẹ́ inú yàrá ni. Mo ní wọn ò nù ún dáadáa. Mo bi Bàbá pé ṣé wọ́n ń nù ún, wọ́n ní ìbéèrè wo nìyẹn, ìgbà wo ni àwọn ò nu ọ̀bẹ rí. Ojú tí wọ́n fi wò mí, kì í ṣe ojú ẹni tó ń parọ́.

Ìyá ológì náà bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ò fẹ́ kó dà bí ẹjọ́, àmọ́ nígbà míì òun máa ń bá oúnjẹ alẹ́ Bàbá láàárọ̀ bí òun ṣe gbé e sílẹ̀, wọn ò ṣí i. Mo ní ọ̀fọ̀ ni. Ó mi orí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òjò ti ń lọ sópin, àbúrò mi ti ń bi mí lórí fóònù, irin ló sì wà lọ́wọ́ mi láti ṣe nǹkan sí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìyókù.

Mo pinnu pé mo máa ra irin funfun, èyí tí à ń pè ní sitélẹ́ẹ̀sì lọ́jà. Mi ò ra yẹ̀pẹ́rẹ́. Mo lọ bá ẹnì kan ní Òṣogbo tó ń ta ọ̀bẹ fún àwọn alápatà àti àwọn ilé oúnjẹ ńlá, mo ní kó fún mi ní èyí tó nípọn, tí irin rẹ̀ gba inú èkù kọjá dé ìdí. Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo ri àkísà bọ omi iyọ̀, mo fi wé ọ̀bẹ náà pẹ̀lú ìṣó kan, mo sọ wọ́n sí abẹ́ àtẹ. Nígbà tí mo tú u, ìṣó ti di pupa ràkọ̀ràkọ̀. Ọ̀bẹ ń wò mí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo pariwo ayọ̀ débi pé ẹni tó ń ta kẹ́míkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré wá wò mí.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.

"Ó tutù," wọ́n ní.

Wọ́n fi í lé òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ó ń yọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Eléyìí ò gbọ́ èdè òkúta." Mo fún wọn ní fáìlì, irin tí a fi ń pọ́n irin. Wọ́n wo fáìlì, wọ́n wo èmi, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí oníṣòó bá ní ó dára, ó dára." Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ, wọ́n tì í bọ abẹ́ òrùlé.

Òjò tán. Àbúrò mi dé láti Èkó, ó fa ọ̀bẹ yọ, ojú ara rẹ̀ ló rí nínú rẹ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́. Ó fi ẹrù Bàbá sílẹ̀, ó padà. Mo fò fẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà ọyẹ́ yẹn, bí mo bá dé Inísà, ọ̀bẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó ń dán. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tún bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń dán. Bàbá ń rù sí i, wọ́n ń dákẹ́ sí i, nígbà míì wọ́n máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà léraléra. Ọ̀bẹ wọn ń dán, ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, mo bá ọkọ̀ kó páànù lọ fún oníbàárà ní Òkúkù. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Inísà. Mi ò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Òjò ń sẹ̀ wínníwínní, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n máa ń jókòó. Wọ́n ti fi omi ṣan ọ̀bẹ, wọ́n ti nù ún gbẹ, ó wà lórí itan wọn. Àkísà wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wà nínú abọ́ lórí tábìlì lẹ́yìn wọn, ìyá ológì ti dé e. Mo fọwọ́ kàn án, ó ti tutù, ẹ̀bà ti le.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n dáhùn bí ẹni ń dá èrò ọ̀nà lóhùn.

"Bàbá, ẹ ò jẹun."

"Wọn ò tíì gbé àdín wá," wọ́n ní.

"Ta ni?"

"Ìyá àwọn ọmọ. Ó wà nínú ilé ìdáná. Ó máa tó gbé e dé."

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi níbẹ̀, lórí eékún mi. Kì í ṣe pé wọn ò nu ọ̀bẹ. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń jókòó dúró de àdín bí wọ́n ṣe ń dúró dè é láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ìyá mi. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí àdín ò dé, wọ́n á ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á lọ sùn. Torí pé ọ̀bẹ ò jẹun, àwọn náà ò jẹun. Ohun tí ìpẹtà ń sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo lọ wá irin tí kò lè sọ nǹkan kan.

Mo gbìyànjú. Mo ní, "Bàbá, eléyìí kì í jẹ àdín. Irin funfun ni. Ẹ lè máa jẹun yín."

Wọ́n wò mí tàánútàánú, bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ nípa oko.

"Irin wo ni kì í jẹun?"

Mo wọ ilé ìdáná lọ. Ìgò àdín wà lókè àjà, níbi tí ìyá mi fi í sí. Aláǹtakùn ti ta okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Àdín inú rẹ̀ ò dín, ó ti dì nítorí òtútù, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì pa á mọ́ra títí ó fi yọ́. Ọmọrí agolo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́. Mò ń sunkún, mo sì ń sọ fún ara mi pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, kí n má da àdín sílẹ̀. Mo bu ú, mo gbé e jáde, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mi ò sọ̀rọ̀.

Wọ́n ki àkísà bọ̀ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti èkù. Àdín ń yọ̀ lára irin yẹn, kò fẹ́ dúró, àmọ́ wọ́n ní sùúrù, wọ́n rọra ń pa á títí dé ṣóńṣó, wọ́n yí i padà, wọ́n pa ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ẹ ṣeun, ìyá," wọ́n ní. "Ọlọ́run á san án fún yín. Níbo lẹ ti ń bọ̀ nínú òjò yìí?"

"Ìkìrun ni."

Ojú wọn là. "Ìkìrun! Mo ní ọmọ kan níbẹ̀. Oníṣòó ni, lọ́jà. Ẹnu rẹ̀ mú o, àmọ́ kò ní ìkà nínú. Òun ló ra irin yìí fún mi." Wọ́n gbé ọ̀bẹ náà sókè kí n rí i. "Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé ó tó. Kó má wá irin kiri mọ́. Kó kàn wá kí mi."

"Mo máa sọ fún un, Bàbá."

"Ẹ má gbàgbé o."

"Mi ò ní gbàgbé."

Mo gbé àdín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo sì lọ gbé oúnjẹ wọn wá.